A Bá Wọn Níbẹ̀ Ni

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa nílẹ̀ yìí: “Bí a ṣe bá a nìyẹn.” Ẹ bi òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ìdí tí ìwé kékeré kan fi gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹ bi àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun ìdí tí fáìlì kan fi wà nínú iṣẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe: bí a ṣe bá a nìyẹn. Gbólóhùn náà ti di ibi ìsásí fún ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀.

Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, irú gbólóhùn yìí kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn tí èèyàn bá béèrè nípa àwọn ère òkúta tó wà nílùú wọn. Ta ló gbẹ́ wọn? A bá wọn níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí gbólóhùn náà gbé wọn lọ yàtọ̀ pátápátá sí ibi tó ń gbé àwa lọ. Wọn kò torí pé wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀ kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Torí pé wọ́n bá wọn níbẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Ohun tí a fẹ́ rò pa pọ̀ nínú àròkọ yìí nìyẹn: ohun tí kì í ṣe tiwa, tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, tí a kò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe é fún, ṣé ojúṣe kankan wà lọ́rùn wa nípa rẹ̀?

Fún ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, Èsìẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwárà. Kò jìnnà sí Òrò, kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán. Àwọn ère náà lé ní 1000 tí a bá ka àwọn tó ti fọ́ mọ́ wọn. Kò sí ibòmíràn ní Áfíríkà, ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, tí a ti rí ère òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, irú èyí tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, èyí tó ga jù sì lé ní mítà kan. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ẹni tó di àdá mú wà, tafàtafà wà tòun ti apó rẹ̀, ẹni tó mú ohun èlò orin lọ́wọ́ náà wà. Irun orí wọn nìkan tó ohun tí onídìrí òde òní lè fi odindi ọjọ́ kan kẹ́kọ̀ọ́ lé lórí. Ilà sì wà lójú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ọjọ́ orí wọn sí àárín nǹkan bíi ọdún 1100 sí 1500.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ nílùú sọ pé àlejò ni wọ́n. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀, wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Irú ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n pé àlejò ni wọ́n kì í yẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn yìí kò sọ. Kò sọ pé, “Baba ńlá wa ló gbẹ́ wọn.” Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìlú mélòó la mọ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò ní wá ọgbọ́n kan so ó mọ́ orúkọ ìdílé ara wọn?

Ìwé púpọ̀ sọ pé H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, ló ṣàwárí àwọn ère náà ní 1933. Ọ̀rọ̀ “ṣàwárí” yẹn ń pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n ní ère tí wọ́n kà sí ọba láàárín wọn, Ọdún Ère sì wà títí di òní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1933 kò ju pé ìròyìn wọn dé etí àwọn tó ń kọ̀wé. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Èsìẹ́, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ọdún méje ṣáájú ti Jọ́ọ̀sì. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Ifẹ̀ pàápàá. Ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìgbómìnà ni.

Àmọ́ o, púpọ̀ nínú àwọn ère náà ló ti fọ́. Nígbà tí a lọ wò wọ́n, kì í ṣe àwọn tó pé ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Àwọn orí ni. Orí tí kò ní ọrùn mọ́, tí irun rẹ̀ ṣì gún régé, tí ojú rẹ̀ ṣì ń wo ọ̀kánkán. Àwọn ara tí kò lórí náà wà, tí ọwọ́ ṣì wà lórí orúnkún jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọn kò tíì gbọ́ ìròyìn ohun tó ṣe wọ́n. A dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wa béèrè pé, “Ta ló fọ́ wọn?”

Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ohun tó bá wà nínú igbó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún á rí òjò, á rí iná ìgbẹ́, igi á wó, gbòǹgbò á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti gbé nílẹ̀ wa ní àkókò òjò mọ̀ pé oṣù méjì péré tó fún koríko láti gba àgbàlá lọ́wọ́ onílé. Rírọ̀ òkúta náà, tó mú kí iṣẹ́ rọrùn fún ẹni tó gbẹ́ ẹ, ló tún mú kó rọrùn láti fọ́. Ọwọ́ èèyàn náà kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2000, ICOM, ìyẹn àjọ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, gbé ìwé pupa kan jáde lórí àwọn ohun àtijọ́ Áfíríkà tí ewu olè jíjà wà lórí wọn jù. Ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère amọ̀ Nok àti ère Ifẹ̀. Orí ère rọrùn láti fi pamọ́ sínú àpò ju odindi ère lọ. Ẹ lè parí èyí tó kù fúnra yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Kí ló dé tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ wọn?

Ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni pé ogún wa ni. Ìdáhùn yẹn dùn, ó sì ń mú orí ẹni wú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ná. Tó bá jẹ́ pé jíjẹ́ tiwa ló mú kí nǹkan yẹ ní títọ́jú, a jẹ́ pé àwọn ará Èsìẹ́ ti ń fi àkókò wọn ṣòfò látọjọ́ yìí wá, torí àwọn fúnra wọn sọ pé àlejò ni. Bákan náà, ẹni tó bá sọ pé tòun ni lè sọ pé òun fẹ́ tà á. Olóhun ló ń ta ohun, àbí? Jíjẹ́ tẹni kò tó láti dáàbò bo nǹkan. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló máa ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá fi ogún nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ní Òkè-Ẹ̀rì, ibojì kan wà tí wọ́n ní ti Bilikisu Sungbo ni. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀, torí wọ́n gbà pé èèyàn ńlá tó jẹ́ tàwọn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n odi àti yàrà Erédò tí wọ́n fi orúkọ obìnrin kan náà pè, tó gùn tó bíi kìlómítà 160 yí ilẹ̀ náà ká, inú igbó ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó mọ orúkọ oókù rí ibojì gbá. Àwọn tó gbẹ́ yàrà náà kò lórúkọ tí a lè pè, ta ni kó wá gbá tiwọn? Tó bá jẹ́ pé ẹni tí a mọ̀ nìkan la ó máa tọ́jú nǹkan rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti gbé ayé yìí rí ni a ti sọ nù.

Ìdáhùn kejì ni ti àwọn tó máa ń sọ pé kí a wo àǹfààní rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò á wá, owó á wọlé, ìlú á gbòòrò. A kò bá a jà. Àǹfààní kì í ṣe ohun ìtìjú. Àmọ́ ẹ bi ara yín pé tí arìnrìn-àjò kò bá wá ńkọ́? Tí ọ̀nà bá burú, tí ètò ààbò bá mẹ́hẹ, tí ọdún kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ti di òkúta lásán nìyẹn, kí a máa fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé?

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní irú ẹ̀kọ́ kan tí a máa ń kọ́ ara wa lórí èyí. Tí o bá dé ibi iṣẹ́ tuntun, o máa bá kóòdù tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kò fi àlàyé sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ohun tó máa ń wu ọ̀dọ́ ni kó pa á rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Àwọn àgbà iṣẹ́ á ní, “Dúró ná. Má yọ ohun tí o kò tíì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.” Chesterton, òǹkọ̀wé ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọgbà tó dábùú ọ̀nà ṣàpèjúwe irú èrò yìí ní 1929. Ó ní ẹni tí kò mọ ohun tí ọgbà náà wà fún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wó o. Kó lọ wádìí ná. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, a lè wá jọ sọ̀rọ̀ wíwó.

Ọgbọ́n gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbé wa dé Èsìẹ́. Ohun tí ọgbọ́n yìí ń bẹ̀rù ni pé nǹkan náà lè ṣì wúlò, tí a bá yọ ọ́, owó oṣù àwọn èèyàn lè má wọlé lópin oṣù. Ó ń sọ pé ṣọ́ra títí o fi máa mọ ìwúlò rẹ̀. Ní Èsìẹ́, iṣẹ́ tí àwọn tó gbẹ́ ère náà fẹ́ kó ṣe ti parí láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Phillips Stevens, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí wọn ní 1978, ẹni tó gbẹ́ wọn kò sì tíì fojú hàn. Tí a bá ń dúró de ìgbà tí a máa mọ ohun tí wọ́n wà fún kí a tó pinnu bóyá kí a ṣọ́ wọn, igbó á ti bá wa pinnu.

Nítorí náà, ogún kò tó, àǹfààní náà kò tó. Kí ló wá kù?

Ohun tó kù wà nínú òwe kan tí ọmọdé pàápàá mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́ bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí. Òwe náà kò sọ pé ìyá ọmọ kì í wà lọ́jà. Kò sọ pé mọ̀lẹ́bí ọmọ kì í wà lọ́jà. Àgbà ni. Ó lè má mọ ìyá ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ata ló wá rà tó sì ń lọ sílé. Ohun tó dè é mọ́ ọmọ yẹn kò ju pé ó wà níbẹ̀, ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì tó o. Mẹ́ta yẹn ti tó. Kò sí ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ṣé ọmọ yín ni?” kó tó tún orí ọmọ ṣe. Ẹni tó bá kọjá lọ, tó ní kì í ṣe ọmọ òun, a ó ní kì í ṣe àgbà.

Bí àwa ṣe lóye ohun tí Èsìẹ́ ṣe nìyí. Wíwà níbẹ̀ ló di ojúṣe. “A bá wọn níbẹ̀” kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ohun tó ń sọ ni pé àwa ni ọ̀rọ̀ kàn, torí àwa la wà níbẹ̀ báyìí, àwọn tó ṣe é kò sí mọ́ láti ṣọ́ ọ. Bí àlejò ló rí. Ilé tí àlejò bá wọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn, kì í ṣe ilé tó ti wá. Ó dà bíi pé àwọn tó kọ́kọ́ pe àwọn òkúta yẹn ní àlejò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Orúkọ tí wọ́n fún wọn ti sọ irú ìwà tó yẹ kí a hù sí wọn.

Èsìẹ́ nìkan kọ́ ni irú èyí wà. Lẹ́bàá odò Gáḿbíà, ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, ohun ìrántí olókùúta tó lé ní 1000 wà níbi tí àwọn ará ìgbàanì ń sin òkú sí. Wọ́n gbé òpó òkúta ró yí ilẹ̀ ibojì ká. Àwọn kan ti pẹ́ ju ọdún 2000 lọ. UNESCO fi mẹ́rin nínú àwọn ojúkò yẹn sínú ogún àgbáyé ní 2006. Ẹ̀yà tó ṣe wọ́n gan-an, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ní Wassu, ẹni tó bá ṣàbẹ̀wò sábà máa ń mú òkúta kékeré kan gbé ka orí òpó náà kó tó lọ. Òkú tí a kò mọ̀, a kí i náà.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti ní àtakò lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká gbé méjì yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀sìn. Ọ̀rẹ́ wa kan sọ pé òun kò lè bá wa lọ síbẹ̀ torí òrìṣà ni. A kò fi ṣẹ̀sín, torí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kì í ṣe àwàdà. Ohun tí a sọ fún un ni pé àìbọ yàtọ̀ sí àìtọ́jú. Tí ìgbàgbọ́ rẹ bá ní kí o má bọ ọ́, má bọ ọ́. Kò sí ibi tó ti wá di pé o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ rántí pé ẹni tí ìwé ń dárúkọ fún 1933 yẹn, ìjọ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kò gbé òòlù. Ìròyìn ló gbé jáde, ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà níbẹ̀. Èèyàn lè gbọ́ ti Ọlọ́run rẹ̀ kó má sì fọ́ nǹkan onínǹkan.

Èkejì le jù. Àwọn kan ní, kí ni ti òkúta nígbà tí omi kò sí nílé ìwòsàn? Tí owó bá wà, ṣé kò yẹ kó lọ sọ́dọ̀ alààyè? Ká sòótọ́, tó bá di pé oògùn ọmọ kan àti ère kan ni a gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ni. Òwe tí a pa lẹ́ẹ̀kan yẹn kò ní gbà fún wa láti sọ nǹkan mìíràn. Òkúta lè dúró, ọmọ kò lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo bí owó ṣe ń rìn nílẹ̀ yìí. Owó tí wọn kò fi tọ́jú ère, ṣé ilé ìwòsàn ló gbà lọ? Ẹni tí kò rí òkúta tó jókòó síwájú rẹ̀, kí ló mú un dá wa lójú pé ó rí aláìsàn? Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú títọ́jú kò gba owó gọbọi. Àdá ló gbà, ìgbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìwé tí wọ́n fi ń ka iye rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, àti ará ìlú tó lè sọ fún àjèjì tó bá dé lóru pé, “Kò sí ohun títà níbí.” Ìyẹn kì í gba owó oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan tún kù, òun gan-an ló sì kan ìran wa jù: ojúṣe yìí, ibo ló mọ? Tí a bá gbà pé ó yẹ kí a ṣọ́ wọn, ṣé ó yẹ kí a tún wọn ṣe? Lónìí, èèyàn lè ya fọ́tò orí kan àti ara kan, kó fi AI so wọ́n pọ̀ lórí fóònù kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ tó gbóná. Á dára lójú. Á rí ọ̀pọ̀ “like”. Ṣé a ti tọ́jú ère nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Tìmbúkútù, ní Mali, ká fi wé e. Ní 2012, àwọn agbébọn wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ìlú náà lulẹ̀. Àwọn bíríkìlà ìlú tún wọn kọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2015. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní Hague rán ọ̀kan nínú àwọn tó wó wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé àtúnkọ́ yẹn tọ́? A gbà pé ó tọ́, torí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Baba ló kọ́ ọmọ, ọmọ ló kọ́ ọmọ. Àwòrán wà, ẹlẹ́rìí wà. Ohun tí wọ́n tún kọ́ kì í ṣe ìméfò.

Ti Èsìẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ojú ọgbẹ́ orí bá ti bá ojú ọgbẹ́ ọrùn mu, tí òkúta fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ọ̀kan ni wọ́n, kí ẹni tó mọṣẹ́ so wọ́n pọ̀. Níbi tí kò bá ti bá a mu, kí orí wà ní orí, kí ara wà ní ara. Àwọn onímọ̀ tó péjọ sí Venice ní 1964 fẹnu kò lórí irú ìlànà yìí: ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ dúró. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Orí tí a fi ìméfò lẹ̀ mọ́ ọrùn, irọ́ ni, ẹni tí a sì ń parọ́ mọ́ kò sí níbẹ̀ láti jẹ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Àlejò tó sùn lọ nílé rẹ, o lè fi aṣọ bò ó. O kò lè torí ìyẹn fún un ní orúkọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà nínú èyí. A ti rí àwọn tó ń wá gbogbo ọ̀nà láti fi ère wọ̀nyí sọ pé ẹ̀yà tiwọn ló kọ́kọ́ dé, tàbí pé ẹ̀yà ẹlòmíràn kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ lílẹ orí mọ́ ọrùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gba ìgboyà kí èèyàn ní nǹkan lọ́wọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó ṣì máa sọ pé, “A ò mọ ẹni tó ṣe é o, a bá a níbẹ̀ ni.” Fún àwa, òótọ́ yẹn wà lára ìtọ́jú náà. Ẹni tó gbá ilẹ̀ tó sì parọ́ nípa rẹ̀ ti gbá ìdajì.

Wọ́n ní ibi tí orúkọ Ìgbómìnà ti wá ni pé ogbó, ìyẹn àdá, ló mọ̀nà fún baba ńlá wọn nígbà tí wọ́n ń la igbó kọjá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àdá àwọn tó dé Èsìẹ́ ṣe ohun tó ju ọ̀nà lílà lọ. Ó la ọ̀nà dé ibi tí àwọn kan ti jókòó sí, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí àdá náà dúró.

Ìran tiwa náà ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ síwájú. Ní 2020, GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wa sí, kó kóòdù àìmọye èèyàn sórí fíìmù, wọ́n sì gbé e lọ sínú ihò ìwakùsà kan ní Svalbard, ní ilẹ̀ yìnyín Norway, pẹ̀lú èrò pé á lo ọdún 1000 níbẹ̀. Iye ọdún tí àwọn ère Èsìẹ́ tó dàgbà jù lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kóòdù síbẹ̀ rí, bóyá iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ta la fi ṣọ́ ọ? Àwọn èèyàn tí a kò bí, tí wọn kò ní gbọ́ èdè wa, tí wọn kò ní mọ ìdí tí a fi pe nǹkan kan báyìí tí a kò pè é báyẹn. Wọn kò ní jẹ wá ní gbèsè kankan. Ohun tí a gbọ́kàn lé ni pé nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, wọn kò ní sọ pé kì í ṣe tàwọn, kí wọ́n sì da á nù. A ń gbàdúrà pé kí wọ́n jẹ́ èèyàn bíi ti Èsìẹ́. Ẹni tó ń retí irú ìyẹn lọ́dọ̀ àjèjì ọjọ́ iwájú kò lè ní kó má kan òun nígbà tó bá kan àjèjì àtijọ́.

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà nílùú tiyín náà: odi tó ti wó, kànga tí ẹnikẹ́ni kò pọn mọ́, ibojì tí orúkọ orí rẹ̀ ti pa rẹ́, igi tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gé tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn náà parí síbẹ̀. Ẹ bá wọn ro koríko ibẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà gan-an, ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé a kò mọ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó ń bọ̀ á bá a níbẹ̀.